Abẹ́rẹ́ Màmá Mi Ni Mo Fi Dín Ara Kù

Abẹ́rẹ́ àtọ̀gbẹ màmá mi ni wọ́n ń gún fún mi kí n lè rù... oṣù mẹ́jọ gbáko, mi ò sì mọ̀. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ewé yìí, ẹ dákun, ẹ fi orúkọ mi pamọ́, Àjàṣẹ́ kò tóbi, àwọn tó mọ̀ wá sì pọ̀. Ẹ kà á tán kí ẹ tó bú mi. Tí ẹ bá sì fẹ́ bú mi, ẹ bú mi, ṣùgbọ́n kí ẹ sọ ohun tó yẹ kí n ṣe fún mi.

Àwa mẹ́ta ni màmá mi bí. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni àkọ́bí, èmi ni mo tẹ̀lé e, àbúrò wa ọkùnrin ń ṣiṣẹ́ ní Faransé. Mo mọ̀ pé "wọ́n" ló yẹ kí n máa pe ẹ̀gbọ́n mi, bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé nìyẹn, ṣùgbọ́n lónìí mi ò lè ṣe é, "ó" ni màá pè é níbí, ẹ forí jì mí. Àdúgbò Houinmè ló ń gbé, ó sì ń ran àwọn nọ́ọ̀sì lọ́wọ́ ní kílíníìkì aládàáni kan. Màmá wa wà nílé bàbá wa ní àdúgbò Djègan-Kpèvi, àtọ̀gbẹ ti ń bá wọn jà láti ọjọ́ pípẹ́. Dókítà kọ abẹ́rẹ́ kan fún wọn tí wọ́n ń gún lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ó dà bíi bíìkì ìkọ̀wé, èèyàn á yí ìdí rẹ̀ títí iye tí dókítà sọ á fi yọ lójú rẹ̀. Kì í sábà sí ní fámásì níbí, nítorí náà àbúrò mi ló ń rà á lọ́hùn-ún, á fi rán ẹni tó bá ń bọ̀ wálé, nínú àpò tí wọ́n fi yìnyín sí. Ẹ̀gbọ́n mi ló ń gbà á, òun ló ń tọ́jú rẹ̀, òun ló sì ń gún un fún màmá ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀. Ta ni kò ní fọkàn tán an? Ọmọ wọn ni, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni.

Èmi, olùkọ́ ni mí, àwọn ọmọ kéékèèké ni mò ń kọ́. Nígbà tí ilé ìwé wọlé lọ́dún tó kọjá, mo ní kí wọ́n ya ẹni tí wọ́n fẹ́ràn, ọmọbìnrin kan sì ya èmi... ó ya nǹkan róbótó kan, ó fi orí kékeré lé e, ó kọ "Mètrẹ́ẹ̀sì", ìyẹn olùkọ́ obìnrin, sábẹ́ rẹ̀. Inú ọmọ náà ń dùn bó ṣe gbé e wá. Mo rẹ́rìn-ín, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí mo délé, mo tilẹ̀kùn yàrá, mo sunkún. Ọmọ mẹ́ta ni mo ti bí, láti orí ìkẹta ni ara mi ò ti padà sípò. Mo lọ bá ẹ̀gbọ́n mi, mo ní mo gbọ́ pé abẹ́rẹ́ kan wà tí àwọn obìnrin ń gún tí ebi kì í fi í pa wọ́n mọ́. Ó ní òun mọ ẹnì kan ní Adjarra tó ń kó o wọlé láti Nàìjíríà, kí n mú owó wá, kí ọ̀rọ̀ náà wà láàárín àwa méjèèjì, kí ọkọ mi má gbọ́. Ọkọ mi ò gbọ́ lóòótọ́. Mo sọ fún un pé ìrìn àárọ̀ ni mò ń rìn.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni ti màmá, ọjọ́ kejì rẹ̀ ni tèmi. Màá lọ sí Houinmè, màá ká aṣọ sókè, á gún un sí mi níkùn. Díẹ̀díẹ̀ ló fi bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn oṣù kan ó fi kún un, lẹ́yìn náà ó tún fi kún un. Ìyà jẹ mí. Èébì, orí fífọ́, mo máa ń gùnfẹ̀ kí ó máa rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́, mo lè má yàgbẹ́ fún ọjọ́ márùn-ún, mo sáré jáde ní kíláàsì lọ bì sí ẹ̀yìn ògiri lójú àwọn ọmọ. Irun mi ń já. Ṣùgbọ́n mo ń rù... ẹ ò mọ bó ṣe dùn mọ́ mi tó. Àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ mi ń béèrè ohun tí mò ń lò. Ọkọ mi ra aṣọ tuntun fún mi láìjẹ́ ọjọ́ ọdún. Nígbà kan tí ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ lọ sí Pobè, ó kúkú gbé bíìkì náà fún mi pé kí n máa gún ara mi nílé, láti ìgbà náà ni mo ti ń dì í sínú ọ̀rá dúdú, tí mò ń fi í sẹ́yìn tòmátì nínú fírígò kí ọkọ mi má bàa rí i. Mo rí i pé ó jọ ti màmá. Mo rí i, mi ò ní parọ́ fún yín. Ó ní oògùn kan náà ni, ibi tí wọ́n ti rà á ló yàtọ̀. Mo gbà bẹ́ẹ̀, nítorí pé ó wù mí láti gbà bẹ́ẹ̀.

Ní gbogbo àsìkò yẹn, ṣúgà màmá ń lọ sókè. Ẹ̀gbọ́n mi ní wọ́n ń jẹun ní kọ̀rọ̀. Èmi náà sì gbà... èmi yìí. A tú abẹ́ ibùsùn wọn. Mo gba dàbínù lọ́wọ́ wọn nínú oṣù Ramadáànì, nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣínu. Mo rí agolo bisikíìtì kan tí wọ́n ń tọ́jú fún àwọn ọmọ-ọmọ wọn, mo dà á sílẹ̀ lójú àwọn ayálégbé. Màmá mi gbé Kùránì, wọ́n fi búra fún mi pé àwọn ò jẹ nǹkan kan. Ṣé ẹ mọ ohun tí mo sọ? Mo ní, "Màmá, ẹ má fi Kùránì parọ́." Ìyá tó bí mi. Èmi tí oògùn wọn wà nínú ikùn mi. Wọ́n rọra gbé Kùránì náà padà sórí pẹpẹ. Lẹ́yìn náà ni egbò kékeré kan yọ ní ọmọ ìka ẹsẹ̀ wọn, bàtà ló há wọn, kò sì jinná.

Bí àṣírí ṣe tú rèé. Àbúrò mi pè mí lọ́jọ́ kan pé ẹ̀gbọ́n mi ò gbé fóònù òun, pé wọ́n sọ fún òun ní fámásì lọ́hùn-ún pé ayédèrú abẹ́rẹ́ náà ti wà níta, kí n lọ wo nọ́ńbà tó wà lára èyí tó wà lọ́dọ̀ màmá. Òun ti ya fọ́tò gbogbo èyí tí òun fi ránṣẹ́, ó sì fi àwọn fọ́tò náà ránṣẹ́ sí mi. Mo gun ọ̀kadà zẹmijan lọ sí Djègan-Kpèvi. Mo ṣí fírígò. Kò sí bíìkì kankan níbẹ̀. Ìgò kéékèèké mẹ́ta ni mo bá, wọ́n fi rọ́bà dé e lẹ́nu, ìyẹ̀fun funfun díẹ̀ wà nísàlẹ̀, kò sí orúkọ oògùn lára rẹ̀, kò sí orúkọ ilé iṣẹ́. Mo béèrè lọ́wọ́ màmá. Wọ́n ní, "Ẹ̀gbọ́n rẹ ní wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀. Á da omi sí i, á mì í, á fi abẹ́rẹ́ fà á." Ó ti pẹ́ tó? Wọ́n ní láti ìgbà tí ilé ìwé ti wọlé. Mo mú ìgò kan dání, mo padà sílé, mo yọ ọ̀rá dúdú náà lẹ́yìn tòmátì. Nọ́ńbà ara bíìkì mi àti ti inú fọ́tò àbúrò mi, ọ̀kan náà ni. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Mo lọ bá ẹ̀gbọ́n mi ní Houinmè lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ó ń ká aṣọ. Mo gbé ìgò kan síwájú rẹ̀, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ̀ ń gún fún màmá?" Kò tilẹ̀ ta gìrì. Ó ní oògùn kan náà ni, ìyẹ̀fun ni ti màmá, omi ni tèmi, ẹni tó ń tà á ní Adjarra ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní ṣebí iná máa ń lọ ní Djègan-Kpèvi, fírígò lè gbóná fún ọjọ́ méjì, èyí tó dára á kàn bàjẹ́ síbẹ̀ lásán. Mo ní tí ó bá jẹ́ ọ̀kan náà ni, kí ló dé tí kò gún ìyẹ̀fun yẹn fún èmi? Ẹ gbọ́ ohun tó fi dá mi lóhùn. Ó ní, "Ìwọ ní ọmọ kéékèèké. Mi ò lè fi ohun tí mi ò mọ̀ gún ọ." Ó ń ká aṣọ bó ṣe ń sọ ọ́. Ó mọ̀... ó mọ̀ pé òun ò mọ ohun tó wà nínú ìgò yẹn, ó sì ń gún un fún ìyá wa ní gbogbo Jímọ̀, á sì tún jókòó bá wọn jẹun. Mo gbá aṣọ tó ká dànù. Mo pè é ní orúkọ tí mi ò pe ẹnikẹ́ni rí. Ìgbà yẹn ni òun náà wá gbé ojú sókè. Ó ní, "Sọ fún wọn. Èmi náà á sọ pé ìwọ lo bẹ̀ mí. Ara rẹ nìyẹn, gbogbo èèyàn ń wò ó."

Mo gbé ìgò náà lọ fún dókítà màmá, ṣùgbọ́n ìdajì òtítọ́ ni mo sọ. Mo ní oògùn ìta ni wọ́n ti ń lò, mi ò sọ ẹni tó rà á, mi ò sọ ibi tí ojúlówó lọ. Wọ́n dá màmá dúró sílé ìwòsàn, wọ́n fi ínsúlínì sí i, ṣúgà wálẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ ìka ẹsẹ̀ yẹn ti bàjẹ́. Wọ́n gé e. Ní báyìí màmá ti padà sílé. Ta ló sì ń wẹ egbò náà fún wọn lójoojúmọ́? Ẹ̀gbọ́n mi. Màmá á gbé ọwọ́ lé e lórí, wọ́n á ṣàdúrà fún un pé Ọlọ́run á fi ọmọ rere san án fún un. Èmi á wà níbẹ̀, màá máa wò ó. Mo ti jáwọ́ nínú abẹ́rẹ́ náà. Ebi ti padà dé, aṣọ tí ọkọ mi rà ti ń há mi, bí mo bá ń jẹun inú ń bí mi sí oúnjẹ, inú ń bí mi sí ẹnu ara mi.

Ẹ sọ fún mi. Àbúrò mi ń bọ̀ wálé lóṣù tó ń bọ̀, ó ti ń béèrè bí oògùn tí òun ń fi owó ara òun rà kò ṣe ṣiṣẹ́. Tí mo bá sọ, ẹ̀gbọ́n mi á pàdánù iṣẹ́ rẹ̀, bóyá wọ́n á tì í mọ́lé, ọkọ mi á mọ̀ pé mo purọ́ fún òun, màmá mi á sì mọ̀ pé àwọn ọmọ àwọn obìnrin méjèèjì ló fà á. Ṣé ẹni tó ń ṣàìsàn lè gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sára? Ṣùgbọ́n tí mi ò bá sọ ńkọ́? Láàárọ̀ yìí, màmá ní kí n jókòó ti àwọn. Wọ́n ní àwọn fẹ́ jẹ́wọ́ nǹkan kan fún mi, pé nígbà tí ikọ́ ń ṣe àwọn, àwọn lá oyin ṣíbí kan, lẹ́ẹ̀kan péré, bóyá ìyẹn ló mú ọmọ ìka náà lọ. Wọ́n ní kí n bá àwọn bẹ àbúrò mi tó bá dé, kí ó má bínú pé àwọn fi oògùn rẹ̀ ṣòfò. Wọ́n ń wo ojú mi, wọ́n ń dúró de ìdáhùn. Mo ní mò ń bọ̀, mo jáde... mi ò tíì padà wọlé. Kí ni kí n sọ fún wọn?