Ọjọ́ Tí Onídìrí Dìde Dúró

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn yín nígbà tí ẹ kọ̀wé kẹ́yìn ti fi yín lọ́rùn sílẹ̀? Mo bẹ Olúwa kí ìwé yìí bá ẹ̀yin, ọkọ yín àti àwọn ọmọ ní àlàáfíà. Ara tèmi dá ṣáṣá, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan kún inú mi tí n kò lè dá gbé, ìdí nìyí tí mo fi jókòó ti bírò.

Ẹ mọ̀ pé láti ìgbà tí mo ti ra kámẹ́rà, ilẹ̀kùn, òdòdó àti ewúrẹ́ ni mò ń yà. Ewúrẹ́ kì í bi ènìyàn pé ṣé fọ́tò òun dára. Ènìyàn ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. Tí mo bá gbé kámẹ́rà sójú tí ẹnìkan sì wò mí, ńṣe ló ń dà bíi pé mo yọ́ wọ yàrá rẹ̀ láì kan ilẹ̀kùn.

Ọkùnrin kan wà ní òpópónà ẹ̀yìn ilé wa tó ń ṣe ẹsẹ̀ àtọwọ́dá fún àwọn tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀. Bàbá Ẹlẹ́sẹ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ó rí kámẹ́rà lọ́rùn mi lójú ọ̀nà, ó ní kí n wá ya òun àti àwọn òṣìṣẹ́ òun lẹ́nu iṣẹ́, kí òun lè rí fọ́tò lẹ̀ mọ́ ojú ṣọ́ọ̀bù. Ẹnu mi ti ní "Ó dáa, sà" kí ọkàn mi tó gbọ́.

Mo gbé kámẹ́rà mi, mo lọ. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò tíì rí irú yàrá bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ rọ̀ sára ògiri bí aṣọ tí wọ́n sá. Àtẹ́lẹsẹ̀ tò sójú fèrèsé, àwọn kan ò tíì ní ọmọ ìka. Gbogbo ilé ń rùn fún gọ́ọ̀mù àti awọ, eruku funfun sì sọ irun àwọn òṣìṣẹ́ di ti arúgbó. Mo há sí kọ̀rọ̀, mo ń yà wọ́n láti ọ̀nà jíjìn. Obìnrin tó ń rán bẹ́líìtì ẹsẹ̀ wò mí títí, ó ní, "Àbúrò, ṣé èmi lò ń yà ni, àbí àjà?" Òótọ́ ló sọ. Nígbà tí mo wo ohun tí mo yà, orí àwọn ènìyàn já, àjà sì hàn kedere. Bàbá Ẹlẹ́sẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní, "Sún mọ́ wọn. Wọn kì í gé ni jẹ." Mo sún mọ́ wọn, gbogbo wọn bá gan bí ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò ìwé ìrìnnà. Ó ku díẹ̀ kí n sọ pé orí ń fọ́ mi, kí n máa lọ sílé.

Ibi tí mo ti ń ro irọ́ tí màá pa ni onídìrí kan ti wọlé lórí àga onítáyà, ìyá rẹ̀ ń tì í bọ̀, ọmọbìnrin rẹ̀ kékeré jókòó lé e nítan. Ìjàǹbá ọkọ̀ ló gba ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì nígbà tí ọmọ náà ṣì wà lọ́mú. Ẹsẹ̀ tuntun rẹ̀ ti yá, ọjọ́ náà ló fẹ́ dán an wò. Bàbá Ẹlẹ́sẹ̀ béèrè bóyá kí n ya fọ́tò rẹ̀. Obìnrin náà yíjú sí mi, ó ní, "Má tíì yà mí o. Tí mo bá ṣubú, n ò fẹ́ kó wà nínú fọ́tò. Màá sọ fún ẹ." Mo gbé kámẹ́rà sọ̀kalẹ̀. Kí n má parọ́, ó tù mí nínú pé mo rí ẹni tí ẹ̀rù ń bà bíi tèmi.

Wọ́n gbé ọmọ sọ̀kalẹ̀ nítan rẹ̀, wọ́n wọ ẹsẹ̀ náà fún onídìrí náà, wọ́n fa bẹ́líìtì le, wọ́n tì í sáàárín ọ̀pá irin méjì tí wọ́n rì mọ́lẹ̀. Ó di irin mú. Ó gbìyànjú, ó padà jókòó. Ó tún gbìyànjú, iṣan ọrùn rẹ̀ yọ, ó tún padà jókòó. Òṣìṣẹ́ tó ń fi irin fáìlì ha àtẹ́lẹsẹ̀ kan dáwọ́ dúró. Onídìrí náà mí kanlẹ̀, ó wá ń dìde, ó ń dìde, àfi bíi pé kò ní dé òpin. Obìnrin gíga ni, ẹ̀gbọ́n mi. Ó ga ju Bàbá Ẹlẹ́sẹ̀ fúnra rẹ̀ lọ. Àga náà ló ti ń fi í pamọ́ fún wa.

Ọmọ rẹ̀ gbójú sókè, ó ń wò ó bí ẹni ń wo ṣóńṣó òkè. Láti ìgbà tó ti gbọ́njú, kò rí ìyá rẹ̀ lórí ìdúró rí. Ó rọra ní, "Màámi, ẹ ga."

Onídìrí náà ò yíjú. Ó ní, "Onífọ́tò, ibo lo wà? Ó yá."

Ẹ gbà mí gbọ́, n kò rántí ẹ̀rù mọ́. Mo kúnlẹ̀ sínú eruku funfun yẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ náà, mo wo ibi tó ń wò. Omi lé ròrò sójú mi, mo ṣáà tẹ kámẹ́rà. Ìyá náà fi irin sílẹ̀ lọ́wọ́ kan, ó na ọwọ́ náà sísàlẹ̀, ó gbé e lé ọmọ lórí. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí mo yíjú sí àwọn òṣìṣẹ́, ẹnu wọn ṣì là sílẹ̀, obìnrin bẹ́líìtì ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Mo ya gbogbo wọn. Kò sẹ́ni tó gan, nítorí kò sẹ́ni tó rántí pé mo wà níbẹ̀.

Nígbà tí mo lọ tẹ àwọn fọ́tò náà wá, Bàbá Ẹlẹ́sẹ̀ mú ti ìyá àti ọmọ, ó bẹ onídìrí náà kó jẹ́ kí òun lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ṣọ́ọ̀bù. Obìnrin náà gbà, ṣùgbọ́n ó ní òkè ni kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ sí, kí gbogbo ẹni tó bá fẹ́ wo òun gbójú sókè.

Ẹ bá mi kí gbogbo ilé. Ẹsẹ̀ yín kò ní kọ̀ nílé, kò ní kọ̀ lóko. Ohun tí ojú yín yóò máa rí, ohun tí ẹ ó pe àwọn ọmọ yín wá wò ni.

Èmi ni àbúrò yín tí ẹ fọwọ́ ara yín tọ́.

Àfikún: Mo pàdé onídìrí náà lánàá. Ó ní ọmọ òun ò jẹ́ kí òun sinmi mọ́, tí òun bá ti jókòó báyìí, á ní, "Màámi, ẹ dìde, kí n wò yín."