Ogójì Nínú Ọgọ́rùn-ún Tàtàṣé Ìyá Rẹ

Radostina ọmọ mi,

Ṣé ara le nínú ilé alájà méje tí o ń gbé ní Sofia yẹn? Ọlọ́run tó dá mi sí di àkókò tí tàtàṣé ń pọ́n yìí á dá ìwọ náà sí, ọ̀gá rẹ kò ní bínú sí ọ, àmín. Ara tèmi náà le, àfi orúnkún ọ̀tún. Ewúrẹ́ wa bí ìbejì.

Ọ̀rọ̀ tàtàṣé ni mo fẹ́ bá ọ sọ. O mọ̀ pé ìyá rẹ kò jẹ́ kí n wọ ọgbà rẹ̀ rí, ó ní ẹsẹ̀ mi wúwo. Lẹ́yìn tí a sin ín, mo bá hóró tàtàṣé tí ìyá tirẹ̀ fún un nínú ìdì aṣọ, kò sì sí ẹlòmíràn tó ní irú rẹ̀ lábúlé yìí. Ẹ̀rù bà mí pé wọ́n ti ń gbó jù, ni mo bá gbin gbogbo rẹ̀, n kò ṣẹ́ ẹyọ kan kù. Ọgọ́rùn-ún géérégé ló hù. Bí wọ́n bá kú mọ́ mi lọ́wọ́, ó parí nìyẹn.

Ẹni tó ṣe fóònù tí o fi ránṣẹ́ gbọ́n o. Nínú oṣù keje, mo tẹ ibi tí o ní kí n máa tẹ̀ kí n fi mọ bí ojú ọjọ́ yóò ṣe rí, ó ní òjò yóò rọ̀, ogójì nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹnu yà mí, ta ló sọ fún un pé ọgọ́rùn-ún ni tàtàṣé mi? Mo bomi rin ọgọ́ta, mo fi ogójì tó wà lápá òkè sílẹ̀ fún òjò, nítorí apá ibẹ̀ ni òjò ti máa ń wá. Lọ́jọ́ kejì ó tún ní ogójì, lọ́jọ́ kẹta bẹ́ẹ̀ náà. N kò jà á níyàn, ẹni tó mọ̀ jù mí lọ ni.

Lọ́jọ́ kẹrin, Màmá Tsonka tí ilé wọn kángun sí tiwa yọjú lórí ọgbà, wọ́n ní kí ni ogójì yẹn ṣe mí tí mo fi ń fi òùngbẹ pa wọ́n. Mo ṣàlàyé. Wọ́n jókòó lórí korobá mi, wọ́n rẹ́rìn-ín títí gèlè fi tú lórí wọn. Wọ́n ní òjò náà lè rọ̀, ó lè má rọ̀, ohun tí fóònù ń wí nìyẹn, pé ìyàwó mi sì ti ń wá igi tí yóò fi nà mí lọ́run. Ẹ̀rín kò pa mí. Mo sáré lọ sídìí kànga, Màmá Tsonka, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, ń bá mi gbé omi, wọ́n ń pariwo pé ìdí ni kí n rọ ọ́ sí, kì í ṣe orí ewé. Aṣọ ibùsùn ìgbéyàwó wa ni mo fi ṣíji bo àwọn tàtàṣé náà. Mọ́kànlá kú. Àwọn tó kù nàró láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo sì sunkún, má sọ fún ẹnikẹ́ni.

Wọ́n ti pọ́n báyìí. Ara wọn nípọn, wọ́n dùn. Mo fi ọ̀kan jẹ wàràkàṣì lórí ìdúró nínú ọgbà, mo sì ṣí fìlà fún ìyá rẹ. Ọdún méjìlélógójì ló fi gbé e síwájú mi, ibi tí iyọ̀ wà nìkan ni mo máa ń bi í. N kò mọ̀ pé iṣẹ́ tó tó báyìí ni. Obìnrin ni ìyá rẹ, Radostina.

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, ìkòkò oníná mànàmáná tí a fi ń sun tàtàṣé ti jóná, ìdérí ìgò tí a fi ń tọ́jú wọn di ìgbà òtútù kò sì tó. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni kí o fi rán, má gba báńkì. Ọmọbìnrin ibẹ̀ ní kí n fọwọ́ síwèé bí mo ṣe fọwọ́ sí i ní ogún ọdún sẹ́yìn, mo ní ọwọ́ ìgbà yẹn kọ́ ni mo ní mọ́, ó ní kí n máa lọ sílé.

Mo yọ hóró inú àwọn tó pọ́n jù, mo sì pín in sí méjì. Ìdajì wà lọ́wọ́ mi, ìdajì wà nínú àpò ìwé yìí, rọra ṣí i. Mo ti di ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin, kò yẹ kó jẹ́ ọwọ́ mi nìkan ni wọ́n wà. O ní o kò ní ọgbà, ṣé o kò ní fèrèsé ni? Ọlọ́run á fún ọ ní ọwọ́ ìyá rẹ, kò ní fún ọ ní tèmi.

Èmi ni bàbá rẹ,
Dimo