Ọlọ Ìyá Àgbà Wà Nínú Àpótí Gíláàsì

Santa Rita,
Ọjọ́ kẹfà, oṣù Kọkànlá.

Araceli ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà ní Oaxaca lọ́hùn-ún? Ṣé ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ò tíì gba oorun lójú rẹ tán? Kí Màríà Mímọ́ máa ṣíwájú rẹ nígbàkígbà tí o bá ń sọdá títì, nítorí mo gbọ́ pé àwọn awakọ̀ ibẹ̀ kì í wo ọ̀tún wo òsì. Àwa wà, bàbá rẹ ń kí ọ, adìẹ pupa ti pa ọmọ mẹ́sàn-án.

Ọ̀rọ̀ kan ló wà lọ́kàn mi. O rántí ibùdó rélùwéè àtijọ́ tí ewúrẹ́ ń sùn sí? Ó ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Wọ́n kan òrùlé tuntun sí i, wọ́n kùn ún ní ọ̀dà àwọ̀ ọsàn, wọ́n sì fi Olùkọ́ Heriberto tó ti fẹ̀yìn tì ṣe alábòójútó. Ó ní kí ilé kọ̀ọ̀kan mú ohun àtijọ́ kan wá, ni mo bá gbé ọlọ ìyá mi, ìyá rẹ àgbà Brígida, lọ ní oṣù Kẹjọ, kí wọ́n má baà wí pé ilé tiwa ṣófo.

Wọ́n gbé e sínú àpótí gíláàsì bí ère ẹni mímọ́. Aago kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí kò wúlò rárá, ó ń wí pé aago márùndínlọ́gọ́ta ló lù, lọ́sàn-án gangan. Mo sọ fún Olùkọ́, ó ní ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ló ń wọ̀n, mo ní ó dára, àmọ́ kí ó ṣáà pààrọ̀ bátìrì rẹ̀. Wọ́n tún lẹ bébà kan tó ní àmì dúdú wínníwínní mọ́ ògiri, àwọn àlejò a na fóònù sí i, ìtàn ìyá rẹ àgbà a sì jáde. Mo na tèmi, mo kí i káàárọ̀, kò dáhùn. Bóyá nítorí pé ọmọ ilé ni mí ni.

Ìgbà tí lẹ́tà rẹ wá dé pé ìwọ àti Evaristo yóò ṣe ìgbéyàwó ní oṣù Kínní, àyà mi já. Ọlọ ni ìyàwó fi ń wọlé ọkọ nílùú wa, ìyá rẹ àgbà sì ti wí kó tó kú pé tìrẹ ni. Mo sáré lọ bá Olùkọ́. Ó yọ fọ́ọ̀mù tí mo kọ lọ́jọ́ tí mo gbé ọlọ lọ jáde, ó ní ẹni tí a kọ orúkọ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olóhun ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí ọlọ tó lè jáde. Araceli, Brígida ni mo kọ síbẹ̀. Ṣé kí n purọ́ sórí ìwé ni? Ohun rẹ̀ ni.

Mo gba fọ́ọ̀mù náà wá sílé. Ní Ọjọ́ Àwọn Òkú, tí àwọn òkú wa ń padà wá kí wa nílé, nígbà tí mo tẹ́ pẹpẹ fún un, mo gbé e sáàárín búrẹ́dì àti ife ṣokoléètì, mo fi báírò lé e, mo sì na ìka sí ibi tí yóò fọwọ́ sí, nítorí ojú rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́ kó tó lọ. Odidi ọjọ́ méjì. Kò fọwọ́ sí i, àbẹ́là nìkan ló kán sí i. Bàbá rẹ ní bóyá inú ló ń bí i pé mo gbé ọlọ òun lọ síbi tí kò ti lè lọ nǹkan kan, oúnjẹ ò sì wọlé fún mi mọ́.

Mo dá fọ́ọ̀mù padà, mo sọ òótọ́ fún Olùkọ́. Kò rẹ́rìn-ín. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún títí, ó wá ní, "Otilia, ta ni Brígida ní kó jogún ẹ̀?" Mo ní ìwọ ni. Ó ní, "Kí Araceli wá fọwọ́ sí i fúnra ẹ̀ nígbà náà. Ẹni tó ṣì wà láàyè ló rọ̀ mí lọ́rùn jù."

Mo wá jẹ́wọ́ ẹ̀rù tó ń bà mí fún un, pé ẹ̀rọ oníná lẹ fi ń lọ nǹkan nígboro, bóyá o ò tiẹ̀ fẹ́ òkúta. Ó ṣí àpótí, ó fi ìbọ̀wọ́ funfun wọ̀ mí lọ́wọ́, ó bu díẹ̀ lára àgbàdo gbígbẹ tí wọ́n pàtẹ. Mo kúnlẹ̀, mo lọ̀ ọ́. Ọlọ náà ò tíì gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn obìnrin tó ń dúró de ọkọ̀ lóde gbọ́ ìró rẹ̀, wọ́n ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, Ìyá Casilda ní kí n sún, àbí èmi nìkan ló ní apá.

Nítorí náà, wá lọ́jọ́ Sátidé. Bí o kò bá fẹ́ ẹ, sọ ọ́ fún mi kí o tó dé, n ó gbà. Bí o bá fẹ́ ẹ, fi owó kòkó díẹ̀ ránṣẹ́ ṣáájú ara rẹ, nítorí Olùkọ́ ti gbà kí a lọ kòkó tí a ó fi ṣe ṣokoléètì ìgbéyàwó rẹ níbẹ̀, lórí pèpéle tí rélùwéè máa ń dúró sí láyé àtijọ́. Ìyá Casilda ti forúkọ sílẹ̀, àwọn mọ́kànlá mìíràn náà.

Kí ọwọ́ rẹ má rọ. Kí ilé tí o ń lọ tù ọ́, kí ẹ jọ jẹun pẹ́.

Èmi ìyá rẹ,
Otilia.