Ohun Tí Mo Kéde Lẹ́nubodè

Ọmọ mi obìnrin,

Mo kí ọ o. Mo kí ọ kú àárọ̀, mo kí ọ kú ọ̀sán, mo sì kí ọ kú alẹ́, torí mi ò mọ ìgbà tí lẹ́tà yìí máa tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, mi ò sì fẹ́ kí ìkíni kankan kù lọ́rùn mi. Ṣé ara le? Ṣé òkun tí ẹ wà lórí rẹ̀ ò ru jù? Ẹni tó mú yín lọ á mú yín bọ̀. Omi ò ní gbé yín lọ, ẹja ò ní mọ adùn yín, ọkọ̀ tí ẹ wọ̀ ò ní ṣi ọ̀nà. Kí o ṣe àmín sí i kíákíá kí o tó kà síwájú.

Mo mọ̀ pé ìyá rẹ á ti sọ fún ọ pé torí ewúrẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà ni mi ò ṣe dé èbúté. Kì í ṣe torí ewúrẹ́. Fi ọ̀rọ̀ ìyá rẹ sápá kan ná kí o gbọ́ tèmi, torí agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Fóònù kan ṣoṣo tí a ní wà lọ́wọ́ rẹ̀ lórí omi lọ́hùn-ún, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ̀wé. Mo fi lẹ́tà yìí fún awakọ̀ tó ń kó pákó lọ sílùú ńlá tí ò ń gbé, kó tì í sábẹ́ ilẹ̀kùn yàrá rẹ, kí ẹ bá a níbẹ̀ tí ẹ bá dé.

Ilé wà bí o ṣe fi í sílẹ̀. Adìẹ dúdú pa ọmọ mẹ́sàn-án, àṣá ti mú méjì nínú wọn. Aránṣọ tó kọjú sí wa ra ẹ̀rọ tuntun tó ń lo iná, ó sì ti rán apá ẹ̀wù ara rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò oníbàárà, wọ́n jọ jókòó di ìrọ̀lẹ́ ká tó rí alábẹ tó tú wọn sílẹ̀. Èmi náà ń dáná fúnra mi láti ọjọ́ tí ìyá rẹ ti lọ. Mo gbé ìrẹsì kaná, mo lọ jókòó sójúde, mo ń retí kó jinná kó pè mí. Nígbà tó máa pè mí, èéfín ló fi pè mí.

Ọjọ́ tí ìwé rẹ dé, mo kọ́kọ́ wá orúkọ mi nínú rẹ̀. Ọdún mẹ́fà gbáko ni o fi ń kọ̀wé sí ìyá rẹ láìkí mi, mi ò sì lè dá ọ lẹ́bi. Èmi akéde ìlú, tí wọ́n ń gbọ́ ohùn mi láti odò dé ilé ìwé, èmi náà ni mo gbé agogo lọ́jọ́ tí o lọ síṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi láìgbàṣẹ lọ́wọ́ mi. Mo yí gbogbo ìlú po, mo ń kéde pé mi ò bí ọ, pé ẹni tó bá ní mo lọ́mọ obìnrin, irọ́ ló ń pa. Mo tún ní ẹnikẹ́ni nínú ilé mi ò gbọdọ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ. Ìbínú ò mọ̀ pé olówó òun ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ìwọ náà ló wá kọ̀wé pé kí èmi àti ìyá rẹ wá bá ọ wọ ọkọ̀ ìgbafẹ́ ní èbúté orílẹ̀-èdè kejì, pé ọ̀rọ̀ kan wà tí o fẹ́ gbọ́ lẹ́nu mi kí ọkọ̀ tó gbéra ní aago mẹ́rin. Mo mọ ọ̀rọ̀ náà. Ó ti pẹ́ tí mo ti há a sórí.

Mo bi tíṣà pé kí ni wọ́n ń pè ní ọkọ̀ ìgbafẹ́. Ó ní ọkọ̀ tó tóbi tó àdúgbò kan ni, tó ń gbé èèyàn lọ sórí òkun fún ọjọ́ méje, tó sì ń dá wọn padà síbi tó ti gbé wọn. Mo ní kí ni wọ́n lọ ń ṣe níbẹ̀. Ó ní wọn ò lọ ṣe nǹkan kan. Mo ní ṣé wọn ò lè jókòó sílé kí wọ́n má ṣe nǹkan kan ni? Ó ní òun ní iṣẹ́ lọ́wọ́.

Ọ̀nà mẹ́ta lo kọ síwèé fún wa, rélùwéè, bọ́ọ̀sì àti takisí, o ní kí a mú èyí tó bá wù wá. Ìyá rẹ ní ọmọ tó la ọ̀nà mẹ́ta sílẹ̀ fúnni, ìfẹ́ ló ní. Mo ní ọmọ tó ní ìfẹ́ ì bá la ẹyọ kan tó dára. A kọ́kọ́ gba ti rélùwéè lọ. Ọmọbìnrin kan jókòó sẹ́yìn gíláàsì níbẹ̀, ó bi wá pé ṣé lílọ nìkan ni àbí lílọ àti bíbọ̀. Ìyá rẹ yọ ìwé rẹ, o ti kọ ọ́ síbẹ̀ gàdàgbà pé kí a ra ti lílọ nìkan, pé bíbọ̀ wa wà lọ́wọ́ rẹ. Ọmọ mi, àyà mi já. Mo ti lé ní àádọ́rin ọdún, bí wọ́n bá sọ fún irú mi pé lílọ nìkan, mo mọ ibi tí wọ́n ń rán mi. Mo rò pé ọ̀ràn ọdún mẹ́fà sẹ́yìn lo fẹ́ gbẹ̀san rẹ̀. Mo sọ fún ọmọbìnrin náà pé àwa ò lọ síbi tí a kì í ti í bọ̀. Ó ní bàbá, ti bíbọ̀ wọ́n díẹ̀ o. Mo ní ó yẹ kó wọ́n. Ibi tí a ti ń fà á ni rélùwéè ti fọn fèrè tó bá tirẹ̀ lọ.

Ìyá rẹ gbé ẹrù, ó ṣáájú mi títí a fi dé ibùdó bọ́ọ̀sì. Ìwọ ló pè, ìwọ lo ra tíkẹ́ẹ̀tì láti ibi tí o wà, o sì fi í ránṣẹ́ sínú fóònù. Mo wò ó títí, àmì dúdú wẹ́wẹ́ ni, mo dorí rẹ̀ kodò, kò yàtọ̀. O wá kìlọ̀ fún ìyá rẹ pé ẹ ò gbọdọ̀ jẹ́ kí fóònù yìí kú kí ẹ tó débẹ̀ o. Ẹ̀rù bà mí fún un. Mo ṣí fìlà mi, mo fi wé e, mo gbé e sáyà, bí bọ́ọ̀sì bá ti bọ́ sí kòtò ni mò ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ń mí. Ọpẹ́lọpẹ́ mi ni ẹ̀rọ awakọ̀ fi rí i kà. Ó dún pí lẹ́ẹ̀kan, awakọ̀ ní ká jókòó. Èmi tí mo lo ọdún méje nílé ìwé, n kò lè kà á tó yẹn.

Bọ́ọ̀sì já wa sílẹ̀ níbi tó kù díẹ̀ ká dé ẹnubodè, a wá wọ takisí. Ọmọkùnrin tó ń wà á lójú àánú, ó bá ìyá rẹ gbé ẹrù. Nígbà tí a dé, ó ní bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ìràwọ̀ márùn-ún. Mo wòkè, oòrùn ló wà níbẹ̀. Mo ní ọmọ mi, ẹni tó ni ìràwọ̀ la ó bẹ̀. Mo gbé ọwọ́ lé e lórí, mo gbàdúrà fún un pé ìràwọ̀ rẹ̀ á tàn, ayé ò ní fọwọ́ bò ó. Ó ní àmín, àmọ́ kí n ṣáà bá òun tẹ márààrún lórí fóònù, kí ọ̀gá òun lè mọ̀ pé òun ṣe dáadáa. Ìyá rẹ bá a tẹ ẹyọ kan péré, ojú ọmọ náà sì fà ro.

Mo ti rò pé ẹnubodè á jẹ́ odi gíga tàbí kòtò ńlá, kí èèyàn lè mọ̀ pé òun ti kúrò níbì kan. Ọ̀dà funfun ni wọ́n fi fa ilà sójú títì, ó parí. Ajá kan sùn lé e, orí rẹ̀ wà lọ́dọ̀ wa, ìrù rẹ̀ wà lọ́dọ̀ wọn, ẹnikẹ́ni ò sì bi í ní ìwé ìrìnnà. Èmi náà na ẹsẹ̀ ọ̀tún sí òdìkejì, mo fi tòsì sílẹ̀, mo ní kí ìyá rẹ bá mi kí àwọn ará ilé. Ó ní kí n kó ẹsẹ̀ mi pọ̀. Bọ́ọ̀sì tó ń kó èèyàn lọ sí èbúté ti dúró lódìkejì, ó kù díẹ̀ kó gbéra, òun nìkan sì ló kù tó lè bá ọkọ̀ ojú omi yín lọ́jọ́ náà.

A tò. Wọ́n fún wa ní fọ́ọ̀mù tó ń béèrè ẹni tí wọ́n máa pè tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ sí mi, mo kọ Ọlọ́run. Aṣọ́bodè ní nọ́ńbà rẹ̀ ńkọ́. Mo ní a kì í fi nọ́ńbà pè é. Ó bi mí pé kí ni ìdí ìrìn àjò mi. Mo ní ìdí ń dùn mí díẹ̀, àga takisí le. Ó mí kanlẹ̀, ó yíjú sí ìyá rẹ, ó bi í pé kí ló ní láti kéde. Ìyá rẹ ní òun ò ní nǹkan kan. Ẹnu yà mí! Obìnrin tó kéde ìhanrun mi fún gbogbo àdúgbò, tó kéde ọjọ́ tí mo wọ bàtà òsì méjì lọ sípàdé, òun ló dúró níwájú ìjọba tó ní òun ò ní nǹkan kan láti kéde. Wọ́n sì jẹ́ kó kọjá.

Ó wá kàn mí. Aṣọ́bodè ní bàbá, ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ ní láti kéde?

Ọmọ mi, ó tó àádọ́ta ọdún tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí. Wọ́n á rán mi sí ará ìlú, n ó jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán mi. Kò sẹ́ni tó bi mí rí pé èmi fúnra mi, kí ni mo ní láti kéde. Orí mi wú. Mo ní kó fún mi láyè díẹ̀, mo yọ agogo nínú àpò, mo lù ú, àwọn èèyàn tó tò sẹ́yìn mi sì dákẹ́. Àmọ́ iṣẹ́ ni iṣẹ́, a kì í fi tara ẹni ṣáájú. Mo kọ́kọ́ jẹ́ iṣẹ́ tí gbẹ́nàgbẹ́nà rán mi kí a tó kúrò nílé, mo kéde pé ewúrẹ́ rẹ̀ sọnù, funfun ni, etí rẹ̀ kan gé. Orí ewúrẹ́ yìí gan-an la wà tí bọ́ọ̀sì èbúté fi fọn fèrè. Ìyá rẹ pè mí, mo juwọ́ sí i pé kó dúró. Ó wo èmi, ó wo bọ́ọ̀sì, ó sì wọ bọ́ọ̀sì. Ọdún mẹ́fà ni mi ò fi jẹ́ kó rí ọmọ rẹ̀, kí ni mo fẹ́ kó ṣe?

Nítorí náà, ìyá rẹ ò gbọ́ èyí tó kàn. Mo lu agogo lẹ́ẹ̀kejì, mo kéde pé èmi akéde ìlú purọ́ fún ìlú mi. Mo ní mo lọ́mọ obìnrin kan, mo ní ìbínú ni mo fi sẹ́ ẹ, àti pé láti ọjọ́ náà kò sí oúnjẹ tó dùn lẹ́nu mi. Ìyá arúgbó kan tó gbé àpò aláwọ̀ ewé bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ẹnì kan pàtẹ́wọ́. Awakọ̀ àjàgbé kan ní kí n tún un sọ, òun ò gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀.

Ọ̀gá àwọn aṣọ́bodè jáde wá, ó mú mi wọ ọ́fíìsì kékeré kan, ó fún mi lómi. Ó ní bàbá, ọtí, sìgá àti wúrà ni wọ́n ń kéde níbí o, wọn kì í kéde ọ̀rọ̀ ilé. Mo ní ṣebí wúrà ni mo kéde. Ó rẹ́rìn-ín, ó ti fọ́ọ̀mù kan sí mi, ó ní ó dáa, kí n kọ wúrà náà síbẹ̀, kí n sì kọ iye tó jẹ́. Mo mú bírò, mo fi kan ìwé. Mo ronú ohun tí mo tà ọ́ sí. Ọ̀sán ọjọ́ kan péré tí inú bí mi, òun ni mo tà ọ́ sí. Ni mo bá bú sẹ́kún, èmi àgbà yìí, lójú ìjọba méjì. Ibẹ̀ la wà fún bíi wákàtí kan kí fèrè ọkọ̀ ojú omi tó dún lọ́nà jíjìn. Ọ̀gá náà wo aago, ó ní bàbá, wọ́n ti gbéra.

Wọ́n gba agogo mi sílẹ̀, wọ́n ní kò ní ìwé. Mo ní agogo kì í ní ìwé, ohùn ló ń ní, wọn ò gbà. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló wá ọkọ̀ fún mi sílé lọ́jọ́ kejì. Nígbà tí mo dé, mi ò dúró mu omi. Mo mú ọmọrí ìkòkò ńlá ìyá rẹ àti igi kúkúrú kan, mo sì gba gbogbo ibi tí mo gbà lọ́jọ́sí, láti odò dé ilé ìwé. Mo sọ fún wọn pé irọ́ ni mo pa, èmi ni mo bí ọ. Gbẹ́nàgbẹ́nà ní ewúrẹ́ òun ńkọ́. Mo ní mi ò ráyè ewúrẹ́ lónìí.

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n ra ọmọrí ìkòkò tuntun, torí èyí tó wà ńlẹ̀ ti di abọ́. Kí o fi ti ìkòkò tí mo fi se ìrẹsì kún un, kí o má sì jẹ́ kí ìyá rẹ mọ̀. Bá mi bi í pé níbo ló ń tọ́jú iyọ̀ sí. Mo ti fi ṣúgà sí ẹ̀fọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Lẹ́yìn náà, bí o bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, má rán ìyá rẹ nìkan wá sílé. Ìwọ ni kí o mú un wá. Rélùwéè ń kọjá láàárọ̀, bọ́ọ̀sì ń bọ̀ lọ́sàn-án, takisí ń bọ̀ nígbà tó bá wù ú, èyíkéyìí tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn ni kí o wọ̀. Bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, a máa ń fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Ọwọ́ ọ̀tún mi ló pẹ́ jù. Ọlọ́run á dá ẹ̀mí rẹ sí, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ò ní bàjẹ́, ilẹ̀kùn tí o bá kàn á ṣí fún ọ, ọmọ tí o bá bí ò ní gbọ́ irú ohun tí o gbọ́ lẹ́nu mi.

Ẹnu ni mo fi bà á jẹ́, mi ò fẹ́ fi bírò tún un ṣe. Ará ẹnubodè ti gbọ́, ará ilé ti gbọ́, ìwọ nìkan ló kù. Wá gbọ́ ọ.

Èmi tí mo bí ọ,
Bàbá rẹ.