Pàṣán Tí Mo Gbé Lọ sí Jẹ́lé-ó-sinmi

Fàwàsíyà ọmọ mi,

Ìyá rẹ kú ní ọjọ́ Jímọ̀ kejì nínú oṣù ààwẹ̀ tó kọjá. Mo mọ̀ pé o mọ̀, ìwọ náà wà níbi ìsìnkú, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ báyìí, kí ẹnikẹ́ni má baà bi mí pé ìyàwó ńkọ́. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ọmọ ọwọ́ ńkọ́? Ọjà Abobo Gare ńkọ́? Ọlọ́run á jẹ́ kí àwọn tó ń rajà lọ́wọ́ rẹ pọ̀ ju àwọn tó kàn ń tú u wò lọ. Sàlíhù télọ̀ ló ń bá mi kọ ìwé yìí. Ó ní ọ̀rọ̀ mi le jù. Mo ní kó kọ ọ́ bó ṣe le.

Mo gbọ́ iṣẹ́ tí o rán, pé o ń bọ̀ wá sí Songon níbí láti mú Aminata ọmọ rẹ tó ń gbé lọ́dọ̀ mi, kó lè máa bá ọ pọn àbúrò rẹ̀ ní ìsọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rin. Gbọ́ tèmi ná.

Ìyá rẹ ti fi ọmọ yìí sí jẹ́lé-ó-sinmi kó tó kú, kò sì sọ fún mi. Kò kúkú sọ fún mi pé òun fẹ́ kú náà. Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé àdúà ọjọ́ kẹjọ, ọmọ gbé báàgì kọ́rùn, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí bí ẹni pé èmi ni mo ń fi àkókò rẹ̀ ṣòfò. Mo bá mú un lọ bí a ṣe ń mú ọmọ lọ fún Àfáà ní Ìgbòho. Mo gé pàṣán tó dáa, mo di ẹ̀gẹ́ díẹ̀, mo nà án sí olùkọ́ wọn, Tántì Nadège, mo ní ẹran ara rẹ̀ ni tiyín, egungun rẹ̀ nìkan ni kẹ́ ẹ dá sí fún wa. Obìnrin náà fò sẹ́yìn, ó rò pé òun ni mo fẹ́ nà. Àṣé wọn kì í na ọmọ níbẹ̀. Ó gba ẹ̀gẹ́, ó so pàṣán mọ́ ògiri, ó ń fi kọ́ àwòrán tí àwọn ọmọ yà. Tèmi wà níbẹ̀, Aminata ló yà á: orí ńlá, ẹsẹ̀ méjì, kò sí ikùn. Mo bi í pé ikùn mi dà. Ó ní Bàbá kì í jẹun mọ́.

Mo jókòó kí n wo ohun tí wọ́n ń kọ́ wọn. Wọ́n bu iyanrìn sínú agolo, wọ́n dà á nù. Wọ́n kọrin, wọ́n jẹ ìrẹsì, wọ́n sùn, Tántì ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ wọn, wọ́n sì ń sanwó oṣù fún un. Mo ní iyanrìn wà nílé mi, oorun náà wà níbẹ̀. Mo mú ọmọ lọ sílé, mo gbé e sínú iyanrìn, mo ní kó ṣeré. Kí oòrùn tó yí, ìbéèrè tó bi mí ju èyí tí ìyá rẹ bi mí láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ẹ lọ. Mi ò débi oko, kò sì sùn. Ilẹ̀ mọ́, mo dá a padà.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ráàyè lọ sóko. Nọ́ọ̀sì fún wọn lóògùn aràn níbẹ̀, ikùn Aminata tí mo ń pè ní ìsanra ti lọ sílẹ̀. Lẹ́mọ́mù wá jẹun lọ́dọ̀ wa, Aminata ní kó lọ fọwọ́. Lẹ́mọ́mù ní òun ti ṣe àlùwàlá. Ọmọ ní kó padà. Ó padà.

Lálẹ́, òun ló ń ka àwo sílẹ̀ ní Faransé: un, deux, trois. Mo ní àwa méjì la kù. Ó ní ẹ̀kẹta ti Ìyá ni. Mi ò bá a jà, mo ń fọ àwo tí ẹnikẹ́ni ò jẹ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó kà á, un, deux, ó dúró, ó wo ojú mi, ó dá ẹ̀kẹta padà. Gbogbo wàásù tí wọ́n ṣe lórí òkú ìyá rẹ, kò sí èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn tó ìyẹn.

Irú jẹ́lé-ó-sinmi bẹ́ẹ̀ á wà ní Abobo fún ọmọ ọwọ́ rẹ. Wá a lọ. Fi owó ọṣẹ ránṣẹ́ sí wa, ọwọ́ fífọ̀ ti pọ̀ jù nílé yìí. Ọlọ́run á wo àwọn ọmọ rẹ fún ọ, á wò wọ́n ju bí mo ṣe wò yín lọ.

Bí o bá mú un lọ, àwo á ku ẹyọ kan. Kò dìgbà tí mo bá kàwé kí n tó lè ka ìyẹn. Ìwọ ni àkọ́bí mi, ìwọ lo sì bí i. Ó kù sọ́wọ́ rẹ.

Bàbá rẹ,
Àbúdù