Ẹja Àjàṣẹ́ àti Ẹsẹ̀ Mi

                                        Ẹ̀gbẹ́ Títì, Glei,
                                        Atakpamé, Togo.
                                        Ọjọ́ kejìlá, oṣù keje, 2024.

Ẹ̀gbọ́n mi Ìbíọlá, ọmọ ìyá mi,

Ẹ kú ọjọ́ pípẹ́. Ẹ kú afẹ́fẹ́ ọ̀sà. Ṣé ara le? Ṣé Bàbá Laetitia ti ń sùn dáadáa láti ìgbà tí ikọ́ yẹn ti fi í sílẹ̀? Laetitia ńkọ́, ṣé iṣẹ́ ìránṣọ rẹ̀ ń lọ déédéé? Àlàáfíà ni Pascaline ìyàwó mi àti àwọn ọmọ wà. Òjò náà kò ṣe wá níkà. Èmi nìkan ni mo ní ẹjọ́ rò. Ǹ bá sọ ọ́ lórí tẹlifóònù, ṣùgbọ́n kí n tó kí yín tán ni owó inú rẹ̀ máa ń tán, ọ̀rọ̀ yìí kò sì ṣeé sọ ní ìdajì.

Nígbà ọyẹ́, àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ọ̀tún mi wú. Ó pọ́n, ó gbóná, aṣọ ìbora lásán kò gbọdọ̀ kàn án. Nígbà tí n kò lè wọ bàtà mọ́, mo lọ sí dìspẹnsáà. Nọ́ọ̀sì ibẹ̀, Victoire, wò ó, ó ní gúùtù ni. Ẹ mọ ibi tí Faransé tèmi mọ: ohun tí wọ́n kọ́ wa ní kíláàsì ni pé gúùtù ni ìkán omi. Mo rò pé ọmọ yìí ti gbóòórùn ọtí sódábì lẹ́nu mi ni, ó ń fi ọgbọ́n sọ fún mi pé ìkán tí mò ń mu ló fà á. Ojú tì mí, n kò béèrè nǹkan kan, mo gba oògùn ìrora, mo wá sílé.

Ọjọ́ náà ni mo jáwọ́ nínú sódábì. Owó tó kù sápò, mo fi ń ra ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín lọ́wọ́ alápatà kí ara mi lè padà bọ̀ sípò, mo sì ń fi ẹja wẹ́wẹ́ gbígbẹ tí ẹ ń fi rán Roméo awakọ̀ sí mi se gbogbo ọbẹ̀. N kì í fi nǹkan ṣòfò: orí, egungun, omi tí a fi rẹ ẹ́, gbogbo rẹ̀ ni mò ń jẹ. Ẹsẹ̀ kò gbà. Pascaline ló kọ́kọ́ fura. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí ẹrù yín dé, ó wo ẹsẹ̀ mi, ó ní, "Bàbá Philippe, ẹ̀gbọ́n yín ti dé láti Àjàṣẹ́." Mo ní níbo? Ó ní, "Ó ti wọlé sínú àtàǹpàkò yín. Ẹ bá mi kí i." Inú bí mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí Roméo tún já ẹrù yín sílẹ̀, tí ẹsẹ̀ tún wú, n kò rí ẹnu bínú mọ́.

Mo padà sọ́dọ̀ Victoire, mo sọ fún un pé mo ti jáwọ́ nínú ìkán tó ní mò ń mu. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú. Ó ní, "Bàbá, ta ló bá yín sọ̀rọ̀ ìkán? Orúkọ àìsàn yín ni gúùtù." Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò. Ó ní ìdọ̀tí kan wà níbẹ̀ tó yẹ kí n máa tọ̀ jáde. Tó bá pọ̀ jù, á lọ jókòó sí oríkèé bí iyanrìn tó mú. Ọtí ń fà á lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀, kíndìnrín àti ẹja wẹ́wẹ́ gbígbẹ ń fà á pẹ̀lú. Ó fún mi ní oògùn, ó ní kí n máa mu omi dáadáa, kí n sì máa ṣọ́ ohun tó ń bá ara mi jà. Mo ṣọ́ ọ. Ẹ̀wà kò ṣe mí ní nǹkan. Igbá ọtí ṣúkú kan tí mo mu níbi òkú kan ní Datcha kò jẹ́ kí n tẹlẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ẹja yín ló le jù.

Ibi tó ti ṣòro fún mi nìyí. Ẹrù tí ẹ fi ránṣẹ́ kẹ́yìn ṣì wà lórí ààrò. Pascaline ní kí a tà á fún Dorothée aládùúgbò wa, èmi tí n kì í kọ owó, mo kọ̀. Mo máa ń tú u gbóòórùn. Bí mo bá ti gbóòórùn rẹ̀, ó dà bíi pé a wà lẹ́yìn ilé ìyá wa, ẹ ń yọ egungun fún mi, ẹ ń ní, "Jẹ ẹ́ jẹ́jẹ́, ọ̀kánjúà." Mo mọ bí ẹ ṣe ń di ẹrù, ọwọ́ yín ló wà lára okùn tí ẹ fi so ó. Bí ẹja bá dáwọ́ dúró, kí ni yóò máa gbé ọwọ́ yín wọ ilé yìí?

Síbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ránṣẹ́ mọ́. Owó tí ẹ fi ń rà á àti èyí tí ẹ ń san fún Roméo, ẹ kó o jọ; kí iṣu tuntun tó jáde, yóò ti tó owó ọkọ̀. Kí Roméo gbé ẹ̀yin gan-an wá. Ǹ bá wá fúnra mi, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ yìí kò tíì lè rọ̀ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ láti àárọ̀ di alẹ́. Iṣu, epo àti iyọ̀ kò bá mi jà. Ẹ má gbé nǹkan kan dání, ẹ ṣáà wá jókòó tì mí.

Ẹ bá mi kí Bàbá Laetitia àti gbogbo ilé. Pascaline ní òun ti ń fọ ẹní yín.

Èmi ni àbúrò yín tí ojú rẹ̀ wà lọ́nà,
Florent Ògúnrẹ̀mí