Àmín tí Mo Fi Ránṣẹ́ sí Ìyá

                                        Ojúlé Kẹrìnlá,
                                        Ẹ̀yìn Mọ́sáláṣí,
                                        Lugbe, Abuja.
                                        Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Òkúdu, ọdún 2025.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Àǹtí Mùlíkàt,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú ẹ̀yìn ọdún Iléyá, ẹ sì kú òjò. Orúnkún tó ń dùn yín nígbà tí mo wálé lọ́dún tó kọjá ńkọ́, ṣé ó ti fúyẹ́? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹ kì í sáábà gbé ìpè mi, bí ẹ bá sì gbé e, "a dúpẹ́" ni, ó parí. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ìwé, tí mo sì fi rán Babalọlá, aládùúgbò wa tó ń bọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fà á ya. Ẹ kà á dé ìsàlẹ̀.

Láti kékeré lẹ ti ń pè mí ní Bàbá Onírédíò, pé ohun tí kò bàjẹ́ ni mo máa ń tú wò. Mo ṣì wà bẹ́ẹ̀. Áńpílífáyà kan wà ní pálọ̀ mi, tó ní ojú kásẹ́ẹ̀tì lára; àlòkù ni mo rà á, ó sì ti lé ní ogún ọdún lọ́wọ́ mi. Bí kásẹ́ẹ̀tì bá ń kọ nínú rẹ̀, ariwo kan á máa hó lábẹ́ ohùn, bí òjò tó ń rọ̀ sórí páánù. Ìyàwó mi, Ummulkhulthum, ti ní kí n gbé e dànù sí bọ́là, mi ò gbà.

Kí ọdún tó dé, mo gbé e lọ bá Akóredé tó ń tún redíò ṣe ní Galadimawa. Ó tú u, ó fi àwọn áísì hàn mí, ẹ̀yà iná kéékèèké ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ tí wọ́n ń pè ní ọ́pù-áǹpù. Ó ní àwọn ló ń gba ohùn tín-ín-rín láti ara kásẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n ń sọ ọ́ di ńlá, ṣùgbọ́n tèmi ti gbó, wọ́n ń da ariwo tiwọn mọ́ ọn. Ó yọ wọ́n, ó sì fi tuntun tó dára ju ti àkọ́kọ́ lọ sí i. Ó ní màá gbọ́ ohun tí mi ò gbọ́ rí. Mo rò pé ó ń polówó ọjà rẹ̀ ni.

Lọ́jọ́ Iléyá, lẹ́yìn tí a jẹun tán, mo fi kásẹ́ẹ̀tì tí Ìyá fi ránṣẹ́ sí mi kẹ́yìn sí i, bí mo ṣe máa ń ṣe lọ́dọọdún. Ẹ rántí pé Ìyá kò fẹ́ràn fóònù, wọ́n ní káàdì kì í jẹ́ kí èèyàn sọ̀rọ̀ tán. Redíò Ìyá Ajíbọ́lá, ará ilé kejì, ni wọ́n máa ń yá láti fi gba ohùn wọn sí kásẹ́ẹ̀tì, Jàbárù awakọ̀ á wá gbé e wá fún mi. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe máa ń parí rẹ̀: wọ́n á ṣàdúrà títí, ohùn wọn á wá rẹlẹ̀. Ní ìparí kásẹ́ẹ̀tì yìí, ariwo nìkan ni mo máa ń gbọ́, àti ohùn wọn tó ń kùn lábẹ́ rẹ̀. Mo gbà pé àdúrà ló ṣì ń lọ, èmi náà á máa ṣe àmín. Lọ́dún tí kásẹ́ẹ̀tì náà dé, nígbà tí Jàbárù ń padà lọ, mo ní kó sọ fún Ìyá pé mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, àmín àṣẹ.

Lọ́tẹ̀ yìí, ohùn Ìyá mọ́ gaara. Mo gbọ́ adìẹ ní ẹ̀yìnkùlé, mo gbọ́ èémí wọn. Àdúrà parí, ohùn rẹlẹ̀, mo ní àmín. Hanifah, ọmọ mi tó gbọ́ Yorùbá ju bó ṣe ń sọ ọ́ lọ, wò mí lójú. Ó ní, "Daddy, Màmá ò ṣàdúrà o. They are begging you to come home."

Mo dá téèpù padà sẹ́yìn. Ohun tí Ìyá sọ nìyí: "Àlàó, ojú mi ti ń ṣe bàìbàì. Ẹ̀gbọ́n rẹ nìkan ló mọ̀. Jọ̀ọ́, wá, kí n rí ojú rẹ kí tèmi tó fọ́ pátá. Bí o bá máa wá, má ṣe àlàyé fún Jàbárù. Sáà ní kó sọ fún mi pé o gbọ́."

Ẹ̀gbọ́n mi, mo ní mo gbọ́. Mo tún ṣe àmín lé e. Mo wá jókòó sí Abuja, mò ń to aṣọ sí ṣọ́ọ̀bù ní Wuse, mò ń sọ pé tí ọjà bá fẹsẹ̀ múlẹ̀ n óò wálé. Oṣù mọ́kànlá lẹ́yìn náà lẹ pè mí, kí n sì tó dé, wọ́n ti sin Ìyá. Lọ́jọ́ kẹjọ ẹ sọ lójú gbogbo ẹbí pé Ìyá ránṣẹ́ sí mi, pé mo ní mo gbọ́, mi ò sì wá. Mo rò pé ìbànújẹ́ ló ń sọ̀rọ̀. Mi ò tiẹ̀ bi yín pé iṣẹ́ wo ni wọ́n rán sí mi. Ọdún méjìdínlógún rèé tí ẹ ti ń gbé e sínú.

Ọkàn mi bàjẹ́. Mo padà lọ bá Akóredé, mo ní kó bá mi dá àwọn áísì àtijọ́ padà, bóyá n óò tún máa gbọ́ àdúrà bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó ti dà wọ́n nù. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀ fífọ́ ló ń fọ́. "Mo gbọ́" tí mo rán Jàbárù ti fọ́ tipẹ́, èmi ni mi ò mọ̀.

Mi ò ní kí ẹ sọ pé kò burú. Ó burú. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé kì í ṣe pé mo gbọ́ tí mo kọ̀. Ẹ bá mi kí bàbá àwọn ọmọ, ẹ kí Ìyá Ajíbọ́lá. Ummulkhulthum àti Hanifah ń kí yín.

Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni n óò wọlé. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bi yín. Ní gbogbo oṣù mọ́kànlá yẹn, níbo ni Ìyá máa ń jókòó sí tí wọ́n fi ń wo ọ̀nà mi? Ẹ bá mi gbé àpótí ìjókòó kan síbẹ̀.

                                        Èmi àbúrò yín tó pẹ́ kó tó gbọ́,
                                        Gafar Àlàó.